Ṣé Ferrari ni mọ́tọ̀ tí bàbá wa dúró tì nínú fọ́tò yìí?

ọmọ_Àtíkorí
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo gbé wá. Bàbá wa wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án 1956, wọ́n sì padà wálé ní oṣù kẹta 1960. Ní pálọ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, fọ́tò ńlá kan wà nínú férémù. Bàbá wọ kóòtù òtútù, wọ́n gbọ́wọ́ lé mọ́tọ̀ réèsì kékeré kan, mọ́tọ̀ náà pọ́n bí ata rodo. Ferrari la mọ̀ ọ́n sí láti kékeré. Bí a bá bi bàbá fúnra wọn, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìrántí ọdún kẹwàá wọn ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà fẹ́ kọ "Bàbá wa àti Ferrari" sábẹ́ fọ́tò náà nínú ìwé ètò. Mo fi Google Lens, áàpù tó ń dá ohun inú fọ́tò mọ̀, wò ó, ó ní Ferrari. Mo tún un wò lọ́jọ́ kejì, ó ní Lotus. Èwo ni ká gbà gbọ́? Fọ́tò rèé nísàlẹ̀. Ẹ má bínú pé etí rẹ̀ kan kò sí, ṣọ́ọ̀bù tó bá mi ṣe sikáànù ló gé e dànù kí n tó yíjú. Nọ́ńbà tó wà lára mọ́tọ̀ náà, 3 nìkan la rí, èyí tó tẹ̀lé e ti bá etí fọ́tò lọ.

Ìyá_Ìbejì_Ìmọ̀wò
Ọlọ́run yóò máa tọ́jú ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Àbúrò, bàbá yín rẹwà o! Ṣùgbọ́n mọ́tọ̀ yìí, ṣé mọ́tọ̀ ni lóòótọ́? Ó dà bí kùùkù àgbàdo tí wọ́n ki táyà mẹ́rin bọ̀. Níbo lẹni tó ń wà á ń na ẹsẹ̀ sí?

Ọmọ_Ìpẹru
Ferrari ni jàre. Mo kà á níbì kan pé láyé ìgbà yẹn, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú eré mọ́tọ̀. Ítálì, níbi tí Ferrari ti wá, ni pupa, Gẹ̀ẹ́sì ni àwọ̀ ewé, Faransé ni búlúù, Jámánì ni funfun tàbí fàdákà. Mọ́tọ̀ yìí pupa, ó ti parí nìyẹn.

Mẹkáníìkì_Ṣàgámù
Kò tíì parí, àbúrò. Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná, ẹni tó bá ní búrọ́ọ̀ṣì lè yí àwọ̀ padà láàárọ̀ kan. Èmi, bí wọ́n bá gbé mọ́tọ̀ tí n kò mọ̀ rí wá sí gáréèjì mi, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń bi ara mi ni pé, níbo ni ẹ́ńjìnnì wà? Ẹ wo ibi tí bàbá gbọ́wọ́ lé. Imú mọ́tọ̀ nìyẹn, ó sì kúrú, ó rẹlẹ̀, kò sí àyè tí ẹ́ńjìnnì gidi lè gbà síbẹ̀. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ibi tí awakọ̀ ń jókòó, ó ga, ó wú bí iké. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Mo sì rí páìpù sàlẹ́ńsà kan ṣoṣo tó jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páìpù kan, n kò rò pé ẹ́ńjìnnì tó ní sílíńdà púpọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo gíga rẹ̀ pẹ̀lú. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá itan bàbá. Ẹni tó bá dúró ti mọ́tọ̀ nínú fọ́tò, òun ni rúlà yín, ẹ má ṣe gé e kúrò láé.

Ẹ̀gbọ́n_Coventry
Mẹkáníìkì ti fọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni mò ń gbé, ọmọ Òde Rẹ́mọ ni mí, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kó àwọn mọ́tọ̀ àtijọ́ jáde. Ẹ jẹ́ kí n yọ Ferrari kúrò kíákíá. Nínú eré Grand Prix, eré mọ́tọ̀ tó ga jù, Ferrari kò gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn awakọ̀ rí títí di 1960, ní Monaco. Bàbá ti délé nígbà yẹn. Ferrari tí wọn ìbá rí ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1956 sí 1960, bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn ni ìbá ní níwájú.

Ohun tí mo rò pé mò ń wò ni mọ́tọ̀ 500. Lẹ́yìn ogun Hitler, owó kò sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo pàápàá ń fi ìwé gbà. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ sá eré wá bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tọ̀ kéékèèké, wọ́n ń fi ẹ́ńjìnnì alùpùpù sí i, tí kò ju 500cc lọ. Ní 1950 wọ́n sọ ọ́ di Formula 3 fún gbogbo àgbáyé. Àwọn tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe é ni Charles Cooper àti ọmọ rẹ̀ John, gáréèjì wọn wà ní Surbiton. Ní 1946, wọ́n mú Fiat Topolino méjì, mọ́tọ̀ kékeré ilẹ̀ Ítálì, wọ́n gé iwájú méjèèjì, wọ́n sì fi ọ̀kan ṣe iwájú, wọ́n fi èkejì ṣe ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì alùpùpù JAP ni wọ́n gbé sí i, ṣéènì ló sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Nítorí ṣéènì yìí ni ẹ́ńjìnnì ṣe wà lẹ́yìn, kì í ṣe ọgbọ́n ìjìnlẹ̀ kan. Mọ́tọ̀ irú rẹ̀ ni Stirling Moss, awakọ̀ eré Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí, fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948.

Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Láti ara kùùkù àgbàdo tí Ìyá Ìbejì ń wí yìí ni Cooper ńlá ti jáde. Ní 1958, Moss gbé Cooper tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn borí ní Argentina. Nígbà tó di 1959 àti 1960, Jack Brabham fi Cooper gba ipò kìíní lágbàáyé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Láti ìgbà náà ni kálukú ti ń gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, Ferrari pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n n kò tíì búra. Kieft wà, JBS wà, Staride wà, gbogbo wọn ń bá Cooper du 500 yìí, ojú wọn sì jọra lókèèrè. Mo fẹ́ rí àárín táyà iwájú méjèèjì. Cooper máa ń ní sípíríǹgì onírin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn, irú ti bọ̀lẹ̀kájà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ dùbúlẹ̀ gbọọrọ láti táyà ọ̀tún dé táyà òsì. Ogún tó jẹ lára Topolino nìyẹn. Nínú fọ́tò tí ẹ gbé síbí, àwọ̀ pupa ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fọ́tò_Ìtòrò
Mo ń dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa yẹn. Ọmọ mi, mo ti ń ya fọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ yín. Wò ó dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá yín pupa díẹ̀, táì wọn búlúù, koríko dúdú funfun. Koríko! Fọ́tò aláwọ̀ wo ni koríko rẹ̀ kì í ní àwọ̀ ewé? Dúdú-funfun ni fọ́tò yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú nílé, wọ́n wá fi ọwọ́ kùn ún. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi kọ́ mi nìyẹn, a ń fi òwú rírọ̀ tí a wé mọ́ igi tín-ín-rín bu àwọ̀ sí i, oníbàárà ló sì ń sọ àwọ̀ tó wù ú. Mo ti kun gèlè ìyàwó kan ní àwọ̀ tí kò wé rí láyé rẹ̀.

Torí náà, pupa tí Ọmọ Ìpẹru fi ń jà, ti búrọ́ọ̀ṣì ni. Nínú dúdú-funfun, pupa àti àwọ̀ ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn, eérú lásán ni wọ́n máa ń dà. Fọ́tò kékeré tí wọ́n fẹ̀ lójú yẹn ṣì wà níbì kan. Wá a rí. Inú àpótí ìyá yín ni kóo ti bẹ̀rẹ̀, má bẹ̀rẹ̀ láti álíbọ́ọ̀mù.

Nǹkan kan tún wà. Kí o tó gba ohunkóhun gbọ́ nípa ọ̀tún àti òsì, kọ́kọ́ rí i pé wọn kò tẹ̀ ẹ́ lódì. Bí wọ́n bá dojú nẹ́gẹ́tíìfù dé, ọ̀tún á di òsì. Nọ́ńbà bí 8 tàbí 11 kò lè tú u fó, ojú kan náà ni yóò ní. Wo bọ́tìnnì kóòtù. Kóòtù ọkùnrin, apá òsì ló ń gorí apá ọ̀tún. Bí apá ọ̀tún bá gorí òsì lára bàbá yín, a jẹ́ pé fọ́tò náà dojú dé.

Ọmọ_Ìpẹru
Bàbá, mo túúbá. Mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́.

ọmọ_Àtíkorí
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo wo kóòtù, òsì gorí ọ̀tún, kò dojú dé. N óò lọ sílé ní Sátidé. Ẹ̀gbọ́n Coventry, bí mo bá rí nọ́ńbà mọ́tọ̀ náà pé, ṣé ìyẹn á sọ ẹni tó ni ín?

Ẹ̀gbọ́n_Coventry
Nọ́ńbà nìkan kò lè sọ ọ́. Eré kọ̀ọ̀kan ló ń pín nọ́ńbà tirẹ̀. Mọ́tọ̀ tó ń jẹ́ 3 lónìí lè di 27 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀dà funfun tó ń fọ́ dànù ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ibi tí agbára rẹ̀ wà ni pé kí o ní nǹkan mẹ́ta pa pọ̀, nọ́ńbà, pápá, àti ọjọ́. Ìwé ètò eré ọjọ́ náà á wá ní orúkọ awakọ̀ àti orúkọ mọ́tọ̀ ní iwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ gbé gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn bàbá wá, igi, ọgbà, ilé, òpó. Ẹni tó fẹ́ mọ mọ́tọ̀ á máa wo mọ́tọ̀ nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn fọ́tò ló máa ń sọ ọjọ́.

Àwọn tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn, tí kò ní mọ́tọ̀, pápá eré Crystal Palace ló rọrùn fún wọn jù, ọkọ̀ ojú irin ń dé ẹnu ọ̀nà. Brands Hatch náà kò jìnnà púpọ̀. Goodwood àti Silverstone ni ìrìn àjò.

Ìyá_Ìbejì_Ìmọ̀wò
Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ojú tó ń ríran yìí, ẹ bá mi wo fọ́tò mọ́tọ̀ ìjàpá màmá mi níbí. Ẹ̀yìn rẹ̀ la rí, wọ́n ń wọlé ìsìn ọpẹ́. Ọkọ mi ní 1975 ni wọ́n rà á nígbà tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Èkó. Màmá ní irọ́ ni, àwọn ti ní in kí wọ́n tó bí mi. 1969 ni wọ́n bí mi.

Mẹkáníìkì_Ṣàgámù
Ìyá Ìbejì, ẹ wo orí dẹ́rẹ́bà láti inú gíláàsì ẹ̀yìn. Apá ọ̀tún ló jókòó sí. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún, látìgbà náà ni sitíárìn ti wá wà lápá òsì. Mọ́tọ̀ tí wọ́n tò fún wa ní 1975, kí ni sitíárìn yóò máa ṣe lápá ọ̀tún? Màmá ló jàre. Gíláàsì ẹ̀yìn náà tún wà. Ìjàpá àtijọ́ pátápátá, gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí méjì títí di 1953, ó wá di roboto bí ẹyin títí di 1957, lẹ́yìn náà ló fẹ̀. Ti màmá ti fẹ̀. Nítorí náà kò lè jẹ́ ti ṣáájú 1957, kò sì jọ pé ó ju 1972 lọ.

Bí ẹ bá tún rí nọ́ńbà ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OG nínú fọ́tò, ẹ má wulẹ̀ bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kò sí Ìpínlẹ̀ Ògùn kó tó di 1976.

Ìyá_Ìbejì_Ìmọ̀wò
Mo ti gbé fóònù lọ fún ọkọ mi. Ó ní òun ń sùn.

Ọmọ_Ìpẹru
Ẹ̀gbọ́n Coventry, ìbéèrè kan. Kí ló dé tí Google Lens fi ń ṣìnà? Èrò mi ni pé ó ti rí gbogbo mọ́tọ̀ ayé.

Ẹ̀gbọ́n_Coventry
Ó ń wo ìrísí, ó sì ń mú èyí tí fọ́tò rẹ̀ pọ̀ jù lórí ayélujára. Ohun pupa, ohun àtijọ́, táyà kò ní bò, Ferrari ni yóò kọ́kọ́ pè. Ẹ máa lò ó láti fi rí orúkọ tí ẹ óò lọ yẹ̀ wò, ẹ má fi ṣe ìdájọ́.

Jẹ́ kí n fi Bugatti, mọ́tọ̀ eré ilẹ̀ Faransé, ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbá ojú àgbà mọ́lẹ̀. Type 35 jáde ní Lyon ní 1924. Ríìmù rẹ̀ kì í ṣe onísípóòkù wáyà, alumíníọ̀mù tí wọ́n dà ni, apá rẹ̀ mẹ́jọ pẹlẹbẹ. Àbúrò rẹ̀ tó dínwó, Type 37, ní ara tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n wáyà ló wà ní táyà rẹ̀. Ó dáa, ẹni tó mọ èyí á ní òun ti mọ̀ ọ́n tán. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá lówó lè ra ríìmù 35 kó fi sára 37. Táyà ń yọ, ẹ má gbàgbé. Type 35B àti Type 51 náà wà, ìbejì ni wọ́n lójú fọ́tò. Ìdérí epo tó wà lẹ́yìn ni kí ẹ kà. 35B ní ẹyọ kan, 51 ní méjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń wá ohun tí kò rọrùn láti pààrọ̀, ibi tí ẹ́ńjìnnì wà, irú sípíríǹgì, ibi tí páìpù gbà jáde. Àmì iwájú, nọ́ńbà, ọ̀dà, mo ń wò wọ́n kẹ́yìn.

Mẹkáníìkì_Ṣàgámù
Ọ̀rọ̀ àmì iwájú yẹn, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Mo ti rí 504 tó ní àmì Benz lórí, nílùú yìí kan náà.

Fọ́tò_Ìtòrò
Àtíkorí, bí o bá rí fọ́tò kékeré yẹn, má gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, kí oòrùn má kàn án. Pa fíláṣì fóònù. Gbé fóònù dúró tààrà sókè rẹ̀, má dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà roboto á di ẹyin, Ẹ̀gbọ́n Coventry á sì máa pè é ní nǹkan mìíràn. Ya gbogbo rẹ̀ títí dé etí funfun. Lẹ́yìn náà ya ẹ̀yìn rẹ̀, kódà bí o kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan.

ọmọ_Àtíkorí
Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti dé láti ilé. Ẹ jókòó dáadáa.

Ìyá wa ni mo kọ́kọ́ bi. Wọ́n ní kí n gbé àpótí irin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Inú àpò lẹ́tà, láàárín rìsíìtì owó ilé Lọ́ńdọ̀nù, fọ́tò kékeré náà wà níbẹ̀, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Dúdú-funfun ni. Mọ́tọ̀ náà kò pupa rárá, eérú ni. Mo bi màmá ta ló ní kí wọ́n kùn ún ní pupa. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èmi ni. Bàbá rẹ kò rántí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, pupa sì bá kọ́tìnnì mi mu."

Mo ti gbé e síbí, iwájú àti ẹ̀yìn. Nọ́ńbà náà, 38 ni. Mo fi gíláàsì tí màmá fi ń ka Bíbélì wo àárín táyà iwájú, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wà níbẹ̀, ó nà láti ìhín dé ọ̀hún. Mo kà á, mo rí márùn-ún kí òjìji tó bo ìyókù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó dà bí ìbòrí ṣéènì. Ẹnì kan tẹ̀ síwájú lẹ́yìn mọ́tọ̀ náà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e bí ẹni tó fẹ́ tì í. Lókè èjìká bàbá, jìnnà réré, òpó irin gíga kan wà, ó dà bí òpó NEPA ṣùgbọ́n ó ga ju igi lọ fíìfíì.

Ẹ̀yìn rẹ̀, bírò bàbá ló kọ ọ́: "C. Palace, Whit Monday." Kò sí ọdún.

Ẹ̀gbọ́n_Coventry
Ah! Àbúrò, mo pariwo débi tí ìyàwó mi fi sáré wọlé.

Ẹ jẹ́ ká tò ó. Sípíríǹgì yẹn, ṣéènì yẹn, páìpù kan, imú tí kò ní ẹnu gbàgà torí pé afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì alùpùpù lára, kò ní rédíétọ̀. Cooper 500 ni, mo ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ tì í yẹn, bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde nìyẹn, títì ni, kò ní sítátà.

Òpó irin náà, ti tẹlifíṣọ̀n Crystal Palace ni, 219 mítà ni gíga rẹ̀, 1956 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Whit Monday ni ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Pẹ́ńtíkọ́sì, ìsinmi ni níbí nígbà yẹn. Oṣù kẹsàn-án 1956 ni bàbá dé, oṣù kẹta 1960 ni wọ́n lọ. Whit Monday mẹ́ta péré ló bọ́ sáàárín: 10 oṣù kẹfà 1957, 26 oṣù karùn-ún 1958, 18 oṣù karùn-ún 1959. Ìwé ètò eré ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni n óò máa wá, n óò wo ẹni tó ń jẹ́ 38 láàárín àwọn 500.

Fọ́tò_Ìtòrò
Ẹ dúró ná. Oṣù karùn-ún tàbí oṣù kẹfà? Pẹ̀lú kóòtù yẹn? Èmi ti ní ọyẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n_Coventry
Bàbá, ẹ wá kí wa níbí ní oṣù karùn-ún, ẹ ó rí ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń wọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìmọ̀wò
Kí ni ẹ̀gbọ́n yín àgbà wí, àbúrò?

ọmọ_Àtíkorí
Wọ́n ní ta ló mọ Cooper ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo sọ ọ̀rọ̀ Brabham fún wọn, 1959 àti 1960, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ wá, àwọn á wò ó, ṣùgbọ́n èyí pupa ló máa wà lẹ́yìn ìwé ètò o, torí màmá ti ní àwọn kò fẹ́ èyí tó rí bí eérú.